Sí Mojísọ́lá, Tó Ní Kí N Má Wá Síbi Ìpolongo Ìbò Òun

Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé ẹ jí dáadáa ní Oǹdó? Dọ́tun ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dákẹ́ ẹkún tí wọ́n máa ń sun láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé? Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà níbí. Iṣu tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa dé, a gún un, ó sì dùn. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé iṣu Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣì dára jù ú lọ. Òun ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Dádì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò rẹ̀. Bí mo bá pè ọ́, wàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kí n tó dé ìdajì rẹ̀, torí pé èmi ni mo bí ọ, o sì jọ mí. Lẹ́tà kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Jókòó, kí o kà á tán kí o tó bínú tàbí kí o tó sunkún.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì pé ẹgbẹ́ yín ti fà ọ́ kalẹ̀ láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, ariwo tí mo pa ló mú kí ìyá rẹ sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ó rò pé olè ló wọlé. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìpolongo? Mo ń bọ̀ o!" O rẹ ohùn rẹ sílẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí ẹ má wulẹ̀ yọjú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá ti rí yín, ẹ̀rín ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í rín. Wọ́n á ní ọmọ Lẹ́ẹ̀kansíi náà ló tún dé yìí."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ alára sọ?"

"Dádì, mo fẹ́ wọlé ni."

Mo ní ó dáa. Mo ní kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn, mo sì pa fóònù.

Orúkọ yẹn, Lẹ́ẹ̀kansíi, kò bí mi nínú rí. Èmi fúnra mi ni mo fi lé wọn lọ́wọ́, torí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti nà mí nínú ìbò, ohun tí mo máa ń wí fún àwọn tó bá ń kí mi kú àmójúkúrò ni pé, "A ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo ti díje fún káńsẹ́lọ̀, mo ti díje fún alága kánsù, mo ti díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, títí kan ipò gómìnà lọ́dún tí ara mi yá gágá. N kò wọlé rí. Ọlọ́kadà tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Arakale, sọ fún un pé o ń lọ sọ́dọ̀ Lẹ́ẹ̀kansíi, yóò gbé ọ débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, Mojí. N kò ní fi pamọ́ fún ọ. Kí o tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti mọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo ń nu ojú kámẹ́rà tí kò dọ̀tí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ kan tí o ti ilé ìwé dé, pírámárì lo wà nígbà náà, tí ọrùn aṣọ rẹ ti ya. Ọmọ kan ló fi ìbò mi bú ọ, o sì fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́. O dúró sẹ́nu ọ̀nà, o bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ ò lè wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ní Sátidé yìí, n kò rẹ́rìn-ín. Eré tí mo fẹ́ràn, ìwọ ni wọ́n ń nà fún un nílé ìwé. Nítorí náà, ohun tí o bèèrè lọ́wọ́ mi kò pọ̀ jù. N kò ní wá.

Àmọ́ n kò lè jẹ́ kí o wọ pápá lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó ń wọlé kì í sábà mọ ìdí tí wọ́n fi wọlé. Wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa ni. Ẹni tó fìdí rẹmi ló máa ń jókòó rò ó, èmi sì ti ní àkókò láti rò ó.

Èkíní, mọ ohun tó gbé ọ jáde nílé. Gọ́tà ló gbé èmi jáde. O mọ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Òjò kan rọ̀ nígbà tí o ṣì ń rákò, omi gọ́tà náà wọlé, ó sì ba aṣọ tí mo máa ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà jẹ́, èyí tí wọ́n ya bàálù sí. Mo lọ bá káńsẹ́lọ̀ wa. Ó ní kí n jókòó síta láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ń ta eyín, ó ní, "Bàbá onífọ́tò, bó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wá díje." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ní fún ìyá rẹ pé mo máa díje. Ó ń bó iṣu lọ́wọ́. Ó ní, "Díje kí ni?" Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè ìṣèlú tó le jù yẹn lọ.

Bí mo ṣe jáde nìyẹn o, tí mo ń bú ọkùnrin náà láti agbolé dé agbolé. Mo mọ èébú bú nígbà yẹn, èèyàn a sì máa gbádùn rẹ̀. Wọ́n á fún mi lómi, wọ́n á fún mi ní àga, wọ́n á ní kí n tún ti imú rẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ ìbò, òun ni wọ́n dìbò fún. Ìbínú lè gbé èèyàn jáde nílé, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í bá a dé ibi tó ń lọ. Má dárúkọ alátakò rẹ rárá. Gọ́tà ni kí o máa dárúkọ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àmì ẹgbẹ́. Lọ́dún tí mo díje fún alága, ẹgbẹ́ kékeré tó gbà mí ní àkàsọ̀ ni àmì wọn. Mo bá gbé àkàsọ̀ gidi, àkàsọ̀ gígùn, sórí ọkọ̀ akẹ́rù, mo gbé e yí Àkúrẹ́ ká. Ní Òkè-Àró, àwọn kan ní kí n bá àwọn gun igi obì wọn. Ní Ìjọ̀kà, wọ́n bi mí pé èló ni mò ń ta á. Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí mọ́ àkàsọ̀! Ọjọ́ ìbò dé, ìwé ìdìbò dé, àkàsọ̀ orí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ ọmọ tuntun lọ, ẹgbẹ́ mìíràn sì wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ya ojú irin rélùwéè sí àmì tiwọn. Ìwọ wo ojú irin rélùwéè dáadáa, kí o sọ fún mi bí kì í bá ṣe àkàsọ̀ tó sùn sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà fi tọkàntọkàn tẹ̀ka fún ẹlòmíràn, wọ́n tún wá bá mi nílé pé, "A ti ṣe é fún ọ o."

Mojí, má fi nǹkan ńlá han àwọn èèyàn bí ó bá jẹ́ pé kékeré rẹ̀ ni wọ́n máa bá pàdé. Mú àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò náà dání, jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe máa rí gan-an, kí ìyá arúgbó fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí i níṣojú rẹ.

Ìkẹta, fọ́tò àlẹ̀mógiri rẹ. Níbí, kì í ṣe bàbá ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá onífọ́tò ni. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ lórí fóònù kò dáa. O rẹ́rìn-ín jù, eyín ń dán, ojú kò rẹ́rìn-ín. Tún un yà. Ó yẹ kí o gbà mí gbọ́ lórí èyí, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó nà mí nínú ìbò, èmi ni mo ya fọ́tò wọn. Ọ̀kan wá lọ́dún kan tí àwa méjèèjì jọ ń du ipò kan náà. Ó wọlé, ó rí mi, ó fẹ́ padà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó. Ìṣèlú wà níta, ibí yìí, iṣẹ́ ni." Mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó ronú nípa ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ rọ̀. Fọ́tò náà dáa débi pé bí mo bá kọjá níwájú rẹ̀ lára ògiri, èmi náà á fẹ́ dìbò fún un. Ìyá rẹ ní orí mi ò pé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi ní gbogbo ìpolongo yẹn, ó sì tún mú ọmọ rẹ̀ náà wá ya fọ́tò nígbà tí ọmọ náà ń ṣe ìgbéyàwó.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé báyìí, jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ. Àwọn kan á ní ọmọ Àkúrẹ́ kí ló wá ń dupò ní Oǹdó. Má bá wọn jà, má sì sọ pé ọmọ Oǹdó ni ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Sọ fún wọn pé ìyàwó ilé ni ọ́. Ìyàwó ilé ló ń tètè jí gbálẹ̀, òun ló sì mọ ibi tí ìdọ̀tí ń sá sí. Kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá, kí o sì jẹ́ kí eékún rẹ kan ilẹ̀, má ṣe ìlàjì-ìkúnlẹ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń ṣe. Ní ti Dọ́tun, má jẹ́ kó máa gbé báàgì rẹ tẹ̀lé ọ káàkiri lójú èrò, má sì fi í pamọ́ sílé. Jẹ́ kó jókòó ní iwájú, kí àwọn èèyàn rí i pé inú rẹ̀ dùn sí ohun tí o ń ṣe. Ṣáájú ohun gbogbo, bi í léèrè bóyá inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Mo bi ìyá rẹ, àmọ́ ó ti pẹ́ kí n tó bi í. Ó ní òun kò fẹ́ràn ìbò rí, èmi ni òun fẹ́ràn.

Ìlérí ńkọ́? Ẹyọ kan ni kí o ṣe, kí o sì máa tún un sọ títí yóò fi sú àwọn èèyàn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjà ni èmi máa ń ṣèlérí. Ipò yòówù kí n máa dù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò, wọ́n ní olùdíje onígbọ̀nsẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta gààrí àti elùbọ́ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí àwọn ló ń wọ inú igbó. Ìgbà tó yá, ẹni tó wọlé kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ọjà kan níbẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára rẹ̀. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀, ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Lẹ́ẹ̀kansíi, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn yọ wá lẹ́nu jù. Mo kọ́ ọ kí ẹ lè sinmi." Àbẹ̀kẹ́ mi, ká ní o mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Títí dòní, bí mo bá ti dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bí ìtọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n mí. Màá kàn dúró, màá wo ògiri, màá jáde. Àwọn onígààrí mọ̀ mí, wọ́n á ní, "Ọlọ́jà ti wá wo ọjà rẹ̀."

Ẹni tó bá ní kí o kẹ́dùn fún mi pé n kò wọlé rí, sọ fún un pé mo ń wọlé ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dáadáa.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

O mọ̀ pé n kì í pín ìrẹsì, n kì í pín owó. Fọ́tò ni mo máa ń pín. Màá ta aṣọ bàálù tuntun mi mọ́ ògiri lẹ́bàá ọ̀nà, màá gbé àga kan síwájú rẹ̀, ẹni tó bá jókòó, màá yà á lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì ṣèlérí pé mo máa mú un wá. Lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́ tí mo fìdí rẹmi, àwọn fọ́tò yẹn kún orí tábìlì. Gbogbo ojú wọn ń wò mí, gbogbo wọn sì ti ta mí nù. Mo ní fún ìyá rẹ pé inú gọ́tà ni mo máa dà wọ́n sí. Ó gba apẹ̀rẹ̀ tí mo kó wọn sí lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Mojí, ojú wọn lẹ yà, ẹ ò ya ìbò wọn. Ojú olójú ni, ẹ lọ dá a padà."

Mo bínú lọ. Nígbà tí mo fi máa dé ilé kẹta, ìbínú ti tán. Láti ìgbà yẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ti kéde èsì, mo máa ń gbé fọ́tò, mo máa ń lọ dúpẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, lọ́wọ́ ẹni tó dìbò fún mi àti ẹni tí kò dì í.

Ní ibùdó ìdìbò kan ní Ìjọ̀kà, ìbò kan ṣoṣo ni mo rí. Mo ní mo gbọ́dọ̀ rí ẹni náà kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá àgbà tó wà ní ilé àkọ́kọ́ na ọwọ́ sókè: "Èmi rè é, ọmọ mi! Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọ ulé, kí o jẹ usu." Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ iṣu. Ní ilé kejì, bíríkìlà kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, èmi mà ni. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́." Bàbá kan tó jókòó síwájú ilé kẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kí n béèrè: "Ta tún ni ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe èmi?" Kí n tó parí àdúgbò náà, mo ti yó, wọ́n ti gbàdúrà fún mi títí, bí a bá sì ní ká fi ẹnu wọn kà á, èmi ni mo wọlé níbẹ̀ gbọnrangandan. Mo fara ti ògiri ilé kan, mo rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Irọ́ ni wọ́n ń pa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í pa irú irọ́ yẹn fún ẹni tí kò fẹ́ràn. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹni tí kò dìbò fún ọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ, ó lè jẹ́ pé iṣu rẹ̀ ló ní fún ọ.

Nítorí náà, bí o bá wọlé, lọ dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì, má dààmú nípa mi. Èrò á kún ilé yín dé títì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí á máa pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi àti ìyá rẹ á gbọ́ ọ níbí, a ó jó yí pálọ̀ ká, ó tó wa.

Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi tó ń ka ohun tí mò ń kọ, ó ti ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí fún ọ, torí kò sí àgbà ẹgbẹ́ tó máa sọ ọ́. Fóònù rẹ á dákẹ́. Àwọn tó ń pè ọ́ ní Ọnarébù á bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Àwọn tó ń yáni ní àga á wá kó àga wọn. Á máa ṣe ọ́ bíi pé gbogbo Oǹdó ló ń wo fèrèsé rẹ. Má jókòó sínú yàrá. Wẹ̀, wọ aṣọ tó dáa, kí o sì ṣí géètì. Màá ti wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kúrò ní Àkúrẹ́ ni màá wọ̀, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí màá fi kọjá Òwénà. A ó jọ rin wọ́ọ̀dù náà láti ojúlé dé ojúlé, ìwọ níwájú, èmi lẹ́yìn, a ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tẹ́rùn.

Wọ́n ní kí n má wá lọ́jọ́ ìpolongo, mo sì ti gbọ́. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó máa ní kí n má wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.